Gbèsè Omi

Bàbá wa wọn kòkó ní Ìjọ̀kà fún ọdún méjìdínlógún.
Ó mọ àpò tí wọ́n bu omi sí kó tó gorí òṣùwọ̀n.
Kì í wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Á kàn ki ọwọ́ bọ inú àpò
bí ẹni ń fọwọ́ kan ìdí ọmọ tó tọ̀,
á ní, "Ẹ lọ sá a wá."
N kò mọ̀ pé bí mo bá dàgbà
n ó tún rí irú olè mìíràn,
èyí tó ń fún omi jáde lára ara rẹ̀
kí òṣùwọ̀n lè pè é ní ohun tí kò jẹ́.

Oríyọmí, àbúrò mi, àbígbẹ̀yìn:
kílò mẹ́rìndínláàádọ́rin, bó bá jẹun tó yó.
Kóòṣì Fámúrewá ní ọgọ́ta ni wọ́n kọ síwèé.
Kílò mẹ́fà. Ọ̀sẹ̀ kan.
"Gbogbo wọn ló ń ṣe é. Bí ìwọ kò bá ṣe é,
ẹni tó tóbi jù ọ́ ni yóò sọ̀kalẹ̀ wá bá ọ."
Òótọ́ sì ni. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Omi inú ọ̀rá ni mo ń tà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹ̀rẹ̀jà.
Lọ́jọ́rú ó sáré kọjá lọ́dọ̀ mi,
ó wọ náílọ̀nù dúdú sábẹ́ aṣọ òtútù lọ́sàn-án gangan.
Kò wojú mi. Kúlà ló ń wò.
Lọ́jọ́bọ̀ ó ń tutọ́ sínú ike,
ó ń ṣírò itọ́ bí ahun ṣe ń ṣírò owó.
Lóru, mo gbúròó rẹ̀ nílé ìwẹ̀.
Kò wẹ̀.
Ó kàn ṣí ẹ̀rọ omi, ó ń gbọ́ ọ.

Ọjọ́ Ẹtì ni òṣùwọ̀n wọ̀n wọ́n.
Ọgọ́ta géérégé. Wọ́n pàtẹ́wọ́.
Etè rẹ̀ ti là bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀.
Jìnádù, ọmọ Ṣágámù tí wọ́n jọ fẹ́ jà,
òun náà jẹ́ ọgọ́ta, òun náà rí bí igi tí wọ́n bó,
ṣùgbọ́n Jìnádù ní ẹni tó mọ bí a ṣe ń dá omi padà,
díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú iyọ̀, pẹ̀lú ṣúgà.
Èmi ni tiwa: ọ̀rá omi mẹ́jọ, àti ẹ̀bà.
Ó bì í.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ẹ̀ṣẹ́ ń bà.
Kò sí òṣùwọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.
Ọmọ Ṣágámù wọlé, ọrùn rẹ̀ ti kún padà;
ká ní Bàbá wà níbẹ̀, ì bá ní, ẹ lọ sá a wá.
Ní ìpele kẹta, àbúrò mi ń ju ẹ̀ṣẹ́ bí ẹni ń lé eṣinṣin.
Ní ìkẹrin, kò sẹ́ni tó lù ú lulẹ̀.
Ó kàn jókòó.

Bàbá-bàbá wa ta aṣọ àwìn dé Kàbà. Òṣómàáló ni.
Kì í pariwo. Á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè,
oòrùn á wọ̀, yóò ṣì wà níbẹ̀.
Ní wọ́ọ̀dù, dókítà ń sọ̀rọ̀ kíndìnrín,
ó ń sọ bí ọpọlọ ṣe máa ń gba ẹ̀ṣẹ́ sára nígbà tí omi tó yí i ká bá fà.
Kó tó sọ ọ́ tán ni mo ti rí i:
omi, tó lóṣòó sídìí bẹ́ẹ̀dì àbúrò mi,
tó fẹ́ gba kílò mẹ́fà rẹ̀, tòun tèlé.

Kóòṣì wá. Ó mú ọsàn dání.
Ó ní bí ara bá le, oṣù kẹsàn-án ń bọ̀,
ó ṣeé ṣe kó jẹ́ mẹ́tàdínlọ́gọ́ta.
N kò bú u. Mo já ọ̀rá omi kan, mo nà án sí i.
"Ẹ mu ún, sà. Lójú mi."

Nígbà tí nọ́ọ̀sì fẹ́ yí Oríyọmí padà,
mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀
bí Bàbá ṣe ń ki ọwọ́ bọ àpò.
Ó gbẹ táútáú.
Kòkó tó bá gbẹ tó báyìí,
Bàbá a máa sanwó rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.