Ìwé Àjọ

Òjò òru ọjọ́ náà kò kan ilẹ̀kùn.
Ìró omi ni mo gbọ́ lábẹ́ ibùsùn,
bàtà mi méjèèjì ti ń lúwẹ̀ẹ́ lọ sẹ́nu ọ̀nà,
wọn kò tilẹ̀ dúró dè mí.

Aago méjì òru, ní Ìwáyà.
Iná ọba ti lọ láti ìrọ̀lẹ́.
Gọ́tà tí a fi ọ̀rá àti ike dí lọ́nà
yí padà wá bi wá léèrè ọ̀nà.

Wúlẹ̀mọ́tù alájọ ló kọ́kọ́ fi igbe ta.
Kì í ṣe igbe ẹkún o, orúkọ ló ń pè:
“Baba Lánihun, ọmọ mẹ́rin! Ṣé mẹ́rin lo kó jáde?
Màmá tí kò lè rìn lẹ́yìn ilé Sómóyè, ta ló gbé e?”
Ó ti fi ọ̀rá búrẹ́dì wé ìwé kan, ó fi gèlè dì í mọ́rí,
ìwé tó fi ń kọ igba náírà wa lójoojúmọ́.

A ti máa ń fi obìnrin yìí ṣẹ̀fẹ̀.
A ní bí ikú bá wá mú un,
yóò ní kó kọ́kọ́ san ti àná.
A kò mọ̀ pé ẹni tó ń kanlẹ̀kùn wa láràárọ̀
nítorí igba náírà
ló mọ iye orí tó ń sùn lẹ́yìn ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan.

Ó rán mi sí Sẹ̀nàmí lórí omi:
“Sọ fún un, ọkọ̀ mẹ́ta. Kí wọ́n da ẹja nù.”
Márùn-ún ló dé.
Obìnrin ló ń fi ọ̀pá tì wọ́n, ìró wọn ká dé orúnkún,
òórùn èéfín ẹja ṣì wà lára wọn.
Àwa tí a máa ń pè wọ́n ní ará orí omi
bí ẹni tí kò nílé,
àwa là ń nawọ́ sí wọn láti orí kọ́bọ́ọ̀dù.

Kílẹ̀ tó mọ́, gbogbo wa ti wà nílé ẹ̀kọ́ lókè.
Wúlẹ̀mọ́tù ṣí ìwé, ó ń pe orúkọ.
Ó kan Baba Àṣírù, kò sẹ́ni tó dáhùn.
Ó tún un pè.
Ó tún un pè.
Ó fi báírò sílẹ̀, ó ní ká gbé omi kaná fáwọn ọmọ.

Lọ́jọ́ kẹta ni àwọn ìjọba dé
pẹ̀lú kámẹ́rà, àpò ìrẹsì mẹ́wàá,
bàtà òjò tuntun tí ẹrẹ̀ kò tíì kàn.
“Ta ni olórí yín níbí?”
Alága àdúgbò, tó ti sá lọ Ṣómólú nígbà tójú ọjọ́ ṣú,
tún fìlà ṣe, ó wúkọ́, ó bọ́ síwájú.
Ọmọ Lánihun tó kéré jù
na ìka sídìí ààrò,
níbi tí obìnrin kan ti bẹ̀rẹ̀ tó ń fẹ́ná.

Owó àjọ oṣù náà ló ra gàrí, oògùn ibà,
àti ọ̀pá aṣọ funfun mẹ́fà.
Kò sẹ́ni tó bi í.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó kan ilẹ̀kùn mi.
Ìwé ti wú bíi búrẹ́dì tó bọ́ sómi.
“Igba náírà,” ó ní. “Àti ti àná.”
Mo san án.
Mo ní kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìyá mi ti dé láti Ìjẹ̀bú-Igbó,
yàrá ẹ̀yìn ló ń sùn,
ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò gbé e dáadáa.