Ará Ẹ̀yìn

Despina to irin mẹ́ta sórí káńtà
ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Port Augusta, níbi tí òkun parí sí
tí aṣálẹ̀ sì ti ń yanu.
Ó nu ọwọ́ sára aṣọ, gíríìsì ò kúrò ní èékánná.
"Èwo nínú wọn, Glenys?"
Èmi ló ń bi, Errol ló ń wò.

"Ojú mi ni kí o wò," mo wí. "Èmi ni mò ń wakọ̀ báyìí."

Bọ́ọ̀lù irin nìyí, tó ń dán bí orí pípá.
Ọgbọ̀n ọdún la fi lo irú rẹ̀. Ó mọ títì ọlọ́dà,
ó mọ ọ̀nà etíkun.
Ṣùgbọ́n ọ̀nà Oodnadatta kì í ṣe títì.
Páànù òrùlé ni, tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ fún ẹgbẹ̀ta kìlómítà
kí eyín arìnrìn-àjò lè máa ka ara wọn.

Èyí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, píìnì tó wọnú rọ́bà líle,
rọ́bà tó ń gbé gbígbọ̀n mì.
Despina dì í mú, ó yí i po, ó tún yí i po,
bí ẹni ń fún omi lára aṣọ.

Ẹ̀kẹta, irin lórí irin. Ó lè fa tọ́ọ̀nù mẹ́fà.
Owó rẹ̀ wúwo jù ú lọ.

Wọ́n ní ẹni iwájú tó jìn sí kòtò
ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ó dáa.
Bó bá wá jẹ́ ará ẹ̀yìn ló jìn ńkọ́?

Ilé orí táyà àwọn Prewett fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn
lẹ́bàá odò gbígbẹ kan.
Bọ́ọ̀lù wọn ò jẹ́ kó lọ. Olóòótọ́ ni, ó dì í mú,
ó sì fa ọkọ̀ tẹ̀lé e, ó dojú àwọn méjèèjì dé,
táyà mẹ́jọ ń yí sí sánmà.
Wọ́n yè é. Joy Prewett ò wakọ̀ mọ́.

"Èyí tó ń yí po yìí," Despina wí,
"bí ilé bá takìtì lẹ́yìn, á jẹ́ kó ta á tán.
Ọkọ̀ á dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.
Kò ní já. Kò sì ní fà ọ́ lọ."

Mo dákẹ́. Errol ń wo ojú fèrèsé.
Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń gbọ̀n lórí itan
bó ti ń gbọ̀n láti oṣù kẹta.
Dókítà ti sọ pé ọwọ́ kọ́ ni yóò parí sí.
Mo fẹ́ bi Despina ní nǹkan kan.
Mi ò bi í. Kì í ṣe ohun tó ń tà.

Mo mú èyí tó ní rọ́bà. Errol ní ó wọ́n.
Mo ní, "Pósí wọ́n jù ú lọ."
Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi
ni pé bọ́ọ̀lù a máa dárí jini. Píìnì kì í dárí jini:
bí o bá fi ìbú ìka kan tàsé, kò ní wọlé.
Oòrùn ń wọ̀ lágbàálá wa, mò ń fi ẹ̀yìn ọkọ̀ rìn,
Errol dúró níbi ìkọ́, ó gbé ọwọ́ sókè.
Ọ̀tún ni àbí òsì? Ọwọ́ náà ń sọ méjèèjì.
Mo tàsé. Mo tún tàsé. Ajá aládùúgbò ń gbó wa.

Ìgbà tó yá, ó ki ọwọ́ bọ àpò,
ó fi ohùn pè mí, ohùn tó fi ń pe àgùntàn wọ ọgbà
nígbà tó ṣì ń rẹ́ irun wọn:
"Máa bọ̀. Díẹ̀ sí i. Má yà. Máa bọ̀."

Kò!

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo de ẹ̀wọ̀n méjèèjì ní agbélébùú,
mo fi ẹsẹ̀ ta á wò.
"Ó wọlé?"
Mo ní kó wá fọwọ́ kàn án.
Ọwọ́ ọ̀tún ló yọ.
Ẹ̀wọ̀n náà ń dún lábẹ́ rẹ̀, woro, woro.