Ìwé Dísù

Wọn kò kọ "Dókítà" sára ilẹ̀kùn ẹ̀.
Yàrá kan ni, páànù ti dípẹtà,
bẹ́ǹṣì méjì, kúlà abẹ́rẹ́ àjẹsára,
àti ìwé ńlá kan tí iná àtùpà ti jó létí.

Létí ọ̀sà, lójú ọ̀nà Ìwòpin,
níbi tí a ti ń gbọ́ ìró àjẹ̀ ṣáájú ìró mọ́tò,
ibẹ̀ ni Dísù Ọnàfọ̀wókàn lo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.
Ẹ pè é ní dókítà, á mi orí:
"Dókítà wà n'Íjẹ̀bú-Òde.
Èmi kàn ń di ẹ̀mí yín lápá mú ni,
kó má baà lọ kí ẹ tó débẹ̀."

Ó ti fẹ̀yìn tì. Èmi ni mo wà lórí àga ẹ̀ báyìí.
Lọ́jọ́ tí aláìsàn ò bá wá, mo máa ń ṣí ìwé náà.

Ọmọ Kúyẹ̀, ibà. Kò sówó. Wọ́n fẹja san án.
Bàbá Odùfúwà, ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo ní kó dín iyọ̀ kù. Ó rẹ́rìn-ín.
Abẹ́rẹ́ tán. Mo kọ̀wé sí káńsù.
Bàbá Odùfúwà. Ẹnu ti wọ́. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.
Abẹ́rẹ́ tán. Mo tún kọ̀wé.

Ojú ewé tó tẹ̀ lé e, omi ti ba yíǹkì jẹ́:
Oṣù kẹsàn-án, òjò. Ìyàwó Ṣówẹ̀mímọ́.
Ọmọ ti wálẹ̀, ibi ti wálẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ò dá.
Mo bá wọn lọ.

Mo bá wọn lọ. Kò kọ jù bẹ́ẹ̀.
Kò kọ ọ́ pé ẹ̀ṣẹ́ òun ló fi tẹ ikùn ìyá mi
láti èbúté wa títí dé Ìwòpin,
wákàtí mẹ́ta, kò pààrọ̀ ọwọ́;
pé bàbá mi ń wakọ̀, ó ń sunkún, òun ń bú u:
"Wakọ̀! O ó sunkún lọ́la!"
Kò kọ ọ́ pé ẹ̀wù òun ni wọ́n fi wé mi,
pé mo tọ̀ sí i.

Ìyá mi ṣì ń bẹ. Ó ń bínú pé mo ti rù jù.

Lọ́jọ́ Iléyá mo gbé gàrí lọ kí bàbá náà.
Mo ní: kí lẹ ń rò lórí omi lóru ọjọ́ yẹn?
Ó họ irùngbọ̀n, ó ronú pẹ́.
"Kúlà," ó ní. "N ò dé e dáadáa.
Gbogbo yìnyín ibẹ̀ ni yóò ti yọ́."