Erékùṣù Ẹ̀yìn Kùrukùru

Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ ti ṣú ní Fuglafjørður.
Oṣù Kejìlá ni; níbẹ̀, oòrùn kì í jókòó pẹ́.
Ó dà bí àlejò tí kò pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀:
ó kí ilé, ó kí ọ̀nà, ó ti lọ.
Sunnvá tan fìtílà, ó ṣí kọ̀ǹpútà,
ó gbé ife kọfí lé ìwé owó iná tí kò tíì san.

Wọ́n ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni.
Ta ni yóò sọ fún un? Ọlọ́wọ́ òsì ni.
Ọwọ́ òsì ló fi di eku kọ̀ǹpútà mú,
òun náà ló fi tọ́ka sí òrùlé pupa kan nínú fótò,
lẹ́sẹ̀ òkè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń sá ẹja sí.
Ilé baba rẹ̀ ni.

Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ jẹ́ ti Hanus, àbúrò baba rẹ̀,
tó ń fi ọkọ̀ onígi kó àlejò lọ wo ẹyẹ òkun.
Ó fẹ́ ojúlé kan lórí ayélujára,
èyí tí yóò ṣí kíá lórí fóònù,
kódà lójú agbami, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń mí hẹlẹhẹlẹ.
Nítorí náà Sunnvá ń gé, ó ń dín,
ó fún fótò bí ẹní fún aṣọ tútù
títí mẹ́gábáìtì mẹ́sàn-án fi di ohun tí kò tó ìdajì ọ̀kan.
Ó to ìpele lé ìpele:
òkun nísàlẹ̀, ọkọ̀ lórí òkun,
lórí ọkọ̀, orúkọ Hanus ní lẹ́tà funfun.
Kálukú dúró láyè rẹ̀, kò sí èyí tó ń yọ èkejì lẹ́nu.
Ìbá ṣe pé báyìí ni ẹbí ṣe ń gbé ilé!

Kùrukùru nìkan ló kù.
Ó bo ẹ̀yìn ọkọ̀ pátápátá, bí ẹní fi òwú dí ojú ọ̀run.

Ó ti ra àfikún tuntun kan lóru ọjọ́ Ajé,
owó rẹ̀ tó owó bàtà.
Àfikún náà ní òun ń ká kùrukùru,
kí o sáà tẹ òun lẹ́ẹ̀kan.
Ó tẹ̀ ẹ́.
Àmì róbótó kan yí, ó yí, ó yí,
kọfí tutù.
Lójijì ojú ọ̀run là,
òkun di àwọ̀ aró tuntun,
erékùṣù kan sì yọ lẹ́yìn ọkọ̀,
òkè ṣóńṣó mẹ́ta, koríko tútù yọ̀yọ̀.
Ó rẹwà débi pé Sunnvá pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀.

Hanus dé láàárọ̀, òórùn dísù ṣì wà lára rẹ̀.
Ó wo awò ojú, ó bọ́ ọ, ó nù ún, ó tún fi sójú.
“Erékùṣù ta nìyí?”
“Ẹ̀yìn kùrukùru ni, Hanus. Mo ká a kúrò.”
(Níbẹ̀ wọ́n ń pe àgbà lórúkọ, ẹnikẹ́ni kì í bínú.)
“Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo ti ń tukọ̀ níbí.
Ẹ̀yìn kùrukùru yẹn, òkun ni.
Ẹ̀yìn òkun, òkun.
Bí àlejò bá sanwó, tó ní kí n gbé òun débẹ̀,
ṣé ìwọ ni yóò tù wá wọ inú kọ̀ǹpútà?”

Sunnvá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.
Nígbà tí ẹ̀rín tán, ó tún fótò náà wò.
Ohun tí àfikún kò mọ̀, kò lè sọ pé òun kò mọ̀;
ó fi òkè dí i.
Mo mọ àwọn ènìyàn kan tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an.

Kò pa erékùṣù náà rẹ́.
Ó kàn pa ojú ìpele rẹ̀ dé.
Ó ṣì wà níbẹ̀, lábẹ́ kùrukùru,
ilẹ̀ tí ọkọ̀ kankan kò ní í gúnlẹ̀ sí.
Hanus ní kó kọ ọ́ sísàlẹ̀ ojúlé náà,
ní lẹ́tà tí arúgbó lè kà:
“Bí kùrukùru bá bò wá, a ó dúró. Kọfí wà nínú ọkọ̀.”