Alẹkisáńdà Kò Dé Ògìdì

Ṣọ́ọ̀kì kan ṣoṣo ni Tísà Bámigbàyé fi ya gbogbo ayé.
Ó bẹ̀rẹ̀ láti Masidóníà, ilẹ̀ olókè bíi tiwa,
ó fà á kọjá omi, ó fà á wọ Íjíbítì,
ó fà á la aṣálẹ̀ já dé Bábílónì,
títí dé etí odò kan ní ìhà Íńdíà
níbi tí àwọn ọmọ ogun ti nu ojú wọn,
tí wọ́n ní, "Ọba, ó tó gẹ́ẹ́. Ilé ń pè wá."
Ibẹ̀ gan-an ni ṣọ́ọ̀kì tán mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Ọmọ ogún ọdún ló gorí ìtẹ́," ni Tísà wí,
"kò pé mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tó fi kú.
Àwọn olórí ogun rẹ̀ pín ilẹ̀ náà bí ẹran ọdún,
ẹnìkan gbé itan, ẹnìkan gbé àyà."
Èmi, ní ìjókòó ẹ̀yìn, mò ń ka agbọ́n lára àjà.

Mo délé, mo ròyìn fún Yèyé Ìbídùn.
Ó ń bẹ iṣu lọ́wọ́, kò gbójú sókè.
"Ọkùnrin yẹn, ṣé ó dé Ògìdì?"
Kò dé, Yèyé.
"Ṣé ó dé Kàbà?"
Kò tilẹ̀ gbọ́ orúkọ Kàbà.
"Kí ló wá dé tí ọmọ Ọbájẹmú
tó ń tún alùpùpù ṣe ní oríta Ìyámoyè
fi ń jẹ́ Alẹkisáńdà?"

Mo gbé ìbéèrè náà padà lọ bá Tísà.
Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní idà a máa dípẹtà,
ọ̀rọ̀ a máa fẹ́yàwó.
Ibi tí ẹṣin ọba yẹn fi pátákò tẹ̀,
àwọn oníṣòwò tẹ̀ lé e, wọ́n ń fi èdè Gíríìkì ná ọjà;
ọmọ tí a kò bí ní Gíríìsì
kọ́ ọ, ó fi kọ ìwé gbèsè, ó fi kọ ìwé ìfẹ́,
títí ìhìnrere fi bá èdè náà lójú ọ̀nà, tó sì gùn ún lọ.
"Tí o bá pe Kírísítì, tí o bá pe bíṣọ́ọ̀bù,
tí o bá ṣí Bíbélì rẹ láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi,
erùpẹ̀ ọ̀nà yẹn ló ń ta sí ọ lẹ́nu.
Kò gbìn ín fún wa.
Ẹyẹ ló jẹ ẹ́, ẹyẹ ló yà á sílẹ̀."

Yèyé gbọ́, ó mi orí lẹ́ẹ̀kan.
Ó nawọ́ sí òkè, sí ihò inú àpáta
tí ìyá ìyá rẹ̀ sá sí nígbà ogun Tápà,
níbi tí ojú ọlọ ṣì jin sínú òkúta,
tí wọ́n ń rọra lọ bàbà lóru
kí ẹlẹ́ṣin má baà gbọ́.
"Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ pọnmi. Kò padà.
Èyí ni wọ́n fi sílẹ̀ fún wa."
Ìjánu ẹṣin ni, irin dúdú,
ó so rọ̀ lára igi àjà,
ó ń gbé ẹran gbígbẹ kúrò lọ́wọ́ ológbò.
Kò sunkún. Ó ní kí n wá bá òun kó èèpo iṣu.

Tísà ti sùn. Yèyé ti sùn.
Ìjánu náà wà lọ́dọ̀ mi ní Lọ́kọ́ja, lórí tábìlì,
ó ń tẹ ìwé mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ odò má gbé e lọ.

Lóṣù tó kọjá, táyà mi jò ní oríta Ìyámoyè.
Alẹkisáńdà ti hewú. "Okun o," ló kí mi,
ó ń fi ẹnu fẹ́ erùpẹ̀ kúrò lára pílọ́ọ̀gì.
Mo bi í: ta ni wọ́n sọ ọ́ ní orúkọ rẹ̀?
Ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò.
"Bàbá bàbá mi. Katikísì ni wọ́n.
Àwọn ló gbin igi obì tó wà lẹ́yìn yẹn.
Kò sí Alẹkisáńdà kankan ṣáájú wọn."
Ó wò mí, ó wo òjìji mi lórí irin iṣẹ́ rẹ̀.
"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ̀ díẹ̀.
Ẹ ń dí oòrùn mọ́ mi."