Ẹni Tó Mọṣẹ́ Náà

Ọjọ́ Àlàmísì ni lẹ́tà náà dé, òjò ń rọ̀,
ojú ewé mẹ́tàlá, òǹtẹ̀ aláwọ̀ ewé lórí ìkẹyìn.
Mo kà á fún bàbá mi nínú ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá ojú irin,
níbi tí ewúrẹ́ ti ń kọjá ju rélùwéè lọ.
Ó yọ gíláàsì dúdú tó fi ń jó irin,
ó ní, "Rọra kà á."

Olùyẹ̀wò kọ ọ́ pé:
ẹ̀tọ́ kìíní tí ẹ béèrè, ẹnìkan ti ṣe é ṣáájú yín.
Páànù irin tó ní poro àti ebè, tí a da kọnkéré lé,
òyìnbó kan ti ya àwòrán rẹ̀ kí wọ́n tó bí yín.
Ẹ̀tọ́ kejì, bákan náà.
Ẹ̀tọ́ kẹta, ìyẹn eyín wẹ́wẹ́ tó yọ lára páànù
kí kọnkéré lè rí nǹkan dì mú,
a wá irú rẹ̀ títí, a kò rí i. Ṣùgbọ́n
ó hàn gbangba sí ẹni tó mọṣẹ́ náà.

"Tún ìlà yẹn kà."
Mo tún un kà.
"Ta ni?"
Mo ní kì í ṣe ènìyàn kan pàtó, inú òfin ni wọ́n dá a sí.
Kò lórúkọ, kò ní ìyá,
ó ti ka gbogbo ìwé tó wà láyé, kò gbàgbé ọ̀kan,
ṣùgbọ́n kò lè dá ohun tuntun kan ṣoṣo rò.
Bàbá mi fi òòlù gbọn ìdàrọ́ kúrò lára irin.
"Irú wọn pọ̀ ní Òṣogbo," ló wí.

Kó wá o, ẹni tó mọṣẹ́ náà.
Kó sọ̀ ní Ọláìyá, kó béèrè Búrémọ̀ wẹ́dà.
Ká mú un dé Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, sídìí ilé kan tí kò parí,
níbi tí ọgọ́ta ọparun ti gbé kọnkéré tútù dúró
lọ́dún tí mo wọ kíláàsì kẹrin,
tí àgbàrá fọ ẹsẹ̀ ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn.
Rájí ọmọ Ẹdẹ wà lábẹ́ dẹ́kìn náà,
ṣọ́bìrì ló padà lọ mú.
Ṣé ìyẹn náà hàn gbangba sí i?

Oṣù méjì gbáko, bàbá mi ò da kọnkéré fún ẹnikẹ́ni.
Àárọ̀ ọjọ́ kan ló bá ìyá rẹ̀ ní Òkè-Baálẹ̀
níbi tó ti ń rin ẹ̀gẹ́ lórí páànù tí wọ́n fìṣó lu,
tí etí ihò kọ̀ọ̀kan yọ eyín síta.
Ẹ̀gẹ́ ò lè yọ̀ lórí rẹ̀.
Ó gba páànù náà, ó dorí ẹ̀ kodò, ó ń wò ó.
Ìyá àgbà ní, "Kí lo fẹ́ fi páànù mi ṣe?"
Títí dòní, kò tíì dá a padà.

Lọ́yà ní ká má kọ ti ẹ̀gẹ́ síbẹ̀ rárá,
wọ́n á ní gbogbo ìyàwó ilé ló ti mọ̀ ọ́n.
Bàbá mi ní kí n kọ ọ́.
Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè;
ó ní kí n kọ orúkọ ọlọ́gbọ́n náà pẹ̀lú:
Sùwẹ́bátù, arinẹ̀gẹ́, Òkè-Baálẹ̀.

A pa ẹ̀tọ́ kìíní rẹ́. A pa èkejì.
Níbi tí a ti kọ "gbogbo dẹ́kìn" tẹ́lẹ̀,
mo kọ "dẹ́kìn tí eyín rẹ̀ kò ga ju èékánná lọ."
Ohun tó fẹ̀ bí pápá ti di yàrá kan àti fàráǹdà.
Ó ń wò mí bí ẹni tí wọ́n ń fá lórí.

A ti fi ránṣẹ́. A ò tíì gbọ́ nǹkan kan.

Lánàá, a lọ sílé tuntun kan ní Ayétòrò, lókè pátápátá.
Kò tíì gba omi tí wọ́n gbé fún un,
ó bọ́ bàtà, ó fi gìgísẹ̀ gbá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta,
ó tẹ́tí,
ó sún díẹ̀, ó tún gbá a.
Ó wá yíjú sí mi:
"Bọ́ sí àárín."