Ìwé Àjọ Odò Ajébọ̀

Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń yọjú sínú agolo yìí
láago mẹ́fà àárọ̀, tí ìrì ṣì wà lórí koríko,
ní Òdóràgúnṣìn, lọ́nà Ẹ̀pẹ́.
Mo ń ka òjò bí alájọ ṣe ń ka owó:
mìlímítà méjìlá. Mìlímítà mẹ́ta.
Òfo, òfo, òfo,
àfi ọgọ́rin lóru ọjọ́ tí òrùlé ilé kéú ṣí lọ.

Òjò kì í bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀rẹ́,
ṣùgbọ́n ó ń dájọ.
Ilẹ̀ ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ gbòǹgbò,
tó bá di inú ọ̀gbẹlẹ̀, tí ọyẹ́ ń la ètè,
ilẹ̀ á máa yọ ọ́ fódò, díẹ̀ díẹ̀.
Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí Ajébọ̀ fi ń ṣàn lóṣù kejì.
Oòrùn ló ń gba owó iṣẹ́ alájọ,
ọ̀pẹ ń mu tirẹ̀, kókò ń mu tirẹ̀,
a kò bá wọn jà.

Rọ́fíátù dé láti yunifásítì, kọ̀ǹpútà lábíyá.
Ó ní kí n kó àwọn ìwé mi wá.
Ó ya gbogbo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó ń da omi sódò,
láti ẹ̀yìn oko rọ́bà títí dé ibi tí Ajébọ̀ ti ń wọ ọ̀sà.
Ó ní, “Ẹ mú ohun tó wọlé, ẹ yọ ohun tó jáde,
ohun tó ṣẹ́kù, ilẹ̀ ló wà.
Bàbá, ìṣirò lásán ni.”
Ó tẹ̀ ẹ́. Ó tún un tẹ̀.
Omi kò pé.

Mìlímítà mẹ́rìndínlógóje!
Ó wò mí bí ẹni ń wo akápò tó jẹ owó ẹgbẹ́.
Lóòótọ́, lọ́dún tí ìyá Sẹ̀míátù kú
mo fojú bu ọjọ́ mẹ́ta. Mo jẹ́wọ́.
Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta kò lè mu omi tó bẹ́ẹ̀.

Mo ní kó wọ bàtà òjò, kó tẹ̀ lé mi.
Ibi tí a ti ń dẹ ìgèrè nígbà èwe mi,
àbàtà tó jẹ́ àpótí àjọ gan-an,
típà ti da yanrìn bò ó, wọ́n ti fi kọnkéré lẹ̀ ẹ́.
Òjò kanlẹ̀kùn níbẹ̀, ẹnìkan kò ṣí i,
ó di àgbàrá, ó sá tọ ọ̀sà lọ lọ́jọ́ náà.
Tánkì dúdú dúró lórí ẹsẹ̀ irin,
mẹ́tàdínlógún, ọmọ náà kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì,
ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ẹnu nísàlẹ̀ ilẹ̀ wa.

Ó jókòó sórí bíríkì, ó fi ìlà kan kún ìṣirò rẹ̀.
“Kí ni kí n pe èyí? Àṣìṣe là ń pè é nílé ìwé.”
Mo ní, “Kọ gbèsè.”
Ó rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín.
Ó pẹ́ kó tó kọ ọ́.

Orúnkún ni Ajébọ̀ ń dé fún mi tẹ́lẹ̀ lóṣù kejì.
Ọrùn ẹsẹ̀ ló dé lọ́dún yìí.

Láàárọ̀ yìí, ọ̀pọ̀lọ́ kékeré kan wà nínú agolo.
Mo yọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó ka omi.
Mìlímítà mẹ́rin ni mo kọ.
N kò mọ iye tí òun ti mu.